Ọpẹ́ Mi Lórí Ẹ̀tù Tí Kò Wọ Ìbọn Mi

Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé sí ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ojú mi ń ríran, etí mi ń gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń pe àwọn ọmọ wá jẹun lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí Ọlọ́run ti yọ mí lè rò pé ọpẹ́ ojoojúmọ́ lásán ni mò ń dá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rò ó látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó kan gbogbo ilé tí ìbọn bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, láti Gbọ̀ngán dé Ìkirè àti Àpòmù, ẹ̀rí tí a bá sì gé kúrú kì í ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Gbọ̀ngán, mo sì tún ń ṣọdẹ. Bàbá mi ṣọdẹ, bàbá tó bí i lọ́mọ náà ṣọdẹ. Ìbọn ṣakabùlà ni mò ń lò, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá sì wà lórí rẹ̀. Láti ẹnu ni a ti ń kì í, ẹ̀tù tí wọ́n sì rọ ọ́ fún ni ẹ̀tù dúdú tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń rùn imí-ọjọ́, tó ń rú èéfín funfun, tó sì ń mú kí ọwọ́ ẹni dúdú bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èédú. Kò sí ọmọ ọdẹ tí kì í mọ òórùn yẹn kó tó mọ ABD.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀tù wọ́n. Owó tó ń ra ìgò kan tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì ìgò mọ́. Nígbà míì, owó á wà lọ́wọ́, ẹ̀tù kò ní sí lọ́jà. Bẹ́ẹ̀, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i fún wa. Láti January 2020 tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti gbé Amọ̀tẹ́kùn dìde ní Ìbàdàn ni àwọn ará ìlú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ẹ̀ṣọ́ wo ọdẹ. Bí ajá bá gbó lóru, ọdẹ ni wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá rí ẹsẹ̀ àjèjì nínú oko kòkó, ọdẹ ni wọ́n ń wá. Ọdẹ tí kò ní ẹ̀tù lákókò bẹ́ẹ̀, ojú á máa tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé, tayọ̀tayọ̀, ó wé nǹkan sínú ọ̀rá dúdú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ti ṣe é. A ti rí ẹ̀tù.” Ó tú ọ̀rá náà. Ó pọ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sì wọ́n rárá. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló bá òun rí i, pé inú ọta ìbọn àwọn ṣọ́jà àtijọ́ ni wọ́n ti tú u jáde. Ó ní ẹ̀tù tí òyìnbó fi jagun ni, kí ni a tún ń wá?

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni ọmọ yìí. Kò fẹ́ ibi fún mi. Ohun tó ń já mi láyà jù títí di òní ni pé ìfẹ́ ló fi gbé ikú wá bá mi nínú ọ̀rá.

Àṣà ilé wa ni pé a kì í ki ẹ̀tù tuntun sí ìbọn láìfi han àgbà. Àbúrò bàbá mi ni àgbà náà, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, òun sì ni àwọn ọdẹ àdúgbò wa ń kó ọ̀rọ̀ lọ bá. Bàbá òun, ìyẹn bàbá àgbà mi, wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba òyìnbó kó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Ìbọn Lee-Enfield ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nínú igbó ọ̀hún. Nígbà tó padà dé, kò mú ìbọn bọ̀, ṣùgbọ́n ó mú ìmọ̀ bọ̀, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn ni Ọlọ́run tọ́jú pamọ́ dè mí.

A bá Bàbá, àbúrò bàbá mi yìí, níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àga lọ́ọ̀dẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a kí wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rá náà kalẹ̀. Bàbá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò rà á mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tún rà á, wọ́n sì da á padà sínú ọ̀rá. Wọ́n na ọwọ́ náà sí wa.

“Kí lẹ rí?”

Mo ní, “Bàbá, a ò rí nǹkan kan.”

“Ìyẹn gan-an ni mo ní kí ẹ wò. Ẹ̀tù wo ló ń wọlé sọ́wọ́ ọdẹ tí kì í kun ọwọ́ rẹ̀? Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Imí-ọjọ́ dà? Ẹ wo hóró rẹ̀.”

Mo tẹjú mọ́ ọn. Lóòótọ́ ni. Hóró ẹ̀tù dúdú máa ń rí ṣágiṣàgi, bí wọ́n ṣe fọ́ ọ náà ni yóò rí. Àwọn wọ̀nyí dọ́gba. Wọ́n rí gbọọrọ kéékèèké, gígùn wọn bára mu, wọ́n ń dán lójú, nígbà tí mo sì gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú, mo rí ihò bíńtín tó lu ú já láàrin. Ẹ̀rọ ló gé wọn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlẹ́tù kankan nílẹ̀ wa tó ń ṣe irú rẹ̀.

Bàbá bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé, “Inú ọta ìbọn wo ni wọ́n ti tú u?”

“Wọ́n ní ìbọn ṣọ́jà ni, Bàbá.”

“Ìbọn ṣọ́jà wo? Ti ayé ìgbà wo? Ṣé èyí tí wọ́n ń kì láti ẹnu ni àbí èyí tó ń gba ọta lẹ́yìn? Ta ló tú u? Ó da irú méjì pọ̀ àbí kò dà á pọ̀?”

Ọmọ náà kò rí ìdáhùn. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ má mikàn. Mo ti dán an wò. Mo da díẹ̀ sílẹ̀, mo ṣáná sí i, kò bú gbàmù rárá, ńṣe ló ń jó jẹ́jẹ́. Ó rọ̀ ju tiwa lọ. Ohun tí mo rò ni pé kí á máa fi ìlọ́po méjì kì í.”

Bàbá bọ́ gíláàsì wọn. Wọ́n ní, “Èyí tó ń jó jẹ́jẹ́ nílẹ̀ yẹn ni kò níwà jẹ́jẹ́ nínú irin.” Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ibẹ̀ ni ìgbàlà mi wà. Ẹ̀tù dúdú àti ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, irú èyí tó wà nínú ọ̀rá yẹn, kì í ṣe ẹbí. Ẹ̀tù dúdú, bí iná bá ti kàn án, á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ní gbangba tàbí nínú ìbọn, ipá rẹ̀ sì níwọ̀n tí irin àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá tàn án ní gbangba, á máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá há a mọ́ inú irin, tí o fi ọta dí i lẹ́nu, ipá tó ń ti ara rẹ̀ jáde á mú kó túbọ̀ yára jó, jíjó yẹn á tún sọ ipá di ńlá, ipá á tún lé iná sáré, títí ọta á fi jáde tàbí irin á fi ya, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ yá. Ẹni tó bá fi bó ṣe jó nílẹ̀ wọn agbára rẹ̀, tó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àkọ́bí mi obìnrin tó kàwé ní Ifẹ̀ bá mi wá ìtàn nǹkan wọ̀nyí, mo sì rí i pé àwọn òyìnbó tó ni ẹ̀tù gan-an fi ojú winá kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ Faransé kan, Paul Vieille, ló ṣe èyí tó dára fún ìbọn ogun ní 1884, nígbà tó sì di 1886, àwọn ológun Faransé ti ní ìbọn Lebel tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn gba ìbọn Lee-Metford wọlé ní 1888, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n sì ṣì ń fi sínú ọta rẹ̀, nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin ààbọ̀ fún ọta kan. Nígbà tó di 1891, wọ́n fi cordite rọ́pò rẹ̀, ẹ̀tù tí kì í rú èéfín tó rí fọ́nrán fọ́nrán. Ẹ mọ ìwọ̀n tó gbà? Nǹkan bí gíráàmù méjì péré, kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń lé ọta yẹn jáde pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iná rẹ̀ gbóná débi pé ó ń jẹ àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sí inú ọ̀pá Lee-Metford. Wọ́n tún ọ̀pá gbẹ́ lọ́nà mìíràn tó jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló di Lee-Enfield ní 1895, irú èyí tí bàbá àgbà mi gbé ní Bọ́mà. Ìjọba tó ní ilé iṣẹ́, tó ní onímọ̀, tó ní irin tó dára jù láyé, òun náà ní láti yí ìbọn rẹ̀ padà torí ẹ̀tù. Kí ni paìpù tí alágbẹ̀dẹ fi iná jó pọ̀ fẹ́ fi dojú kọ ọ́?

Àwa náà kì í ṣe àlejò ọ̀rọ̀ ìbọn. Ní Àpòmù tí kò jìnnà sí wa yìí ni ìjà ọjà tó di ogun Òwu ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1821. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú nínú ogun yẹn, àwọn Òwu sì fi idà àti ìjà àfojúkojú dúró dè wọ́n. Nígbà ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn Snider tó ń gba ọta lẹ́yìn ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ẹ̀tù dúdú ni Snider náà ń jẹ. Ìyẹn ni pé bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé “ìbọn ṣọ́jà àtijọ́”, kò tíì sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ èyí tí ẹ̀tù dúdú tọ́ sí. Ó lè jẹ́ èyí tí cordite tọ́ sí. Ẹ̀tù aláìléèéfín pàápàá kì í ṣe oríṣi kan: èyí tó ń yára jó wà fún ìbọn kékeré, èyí tó ń rọra jó wà fún ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo kà pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ìbọn tí wọ́n ń tà tí wọn kì í kọ́kọ́ fi ẹ̀tù tó ju ìwọ̀n tí yóò máa lò lọ dán wò. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe é wà ní Lọ́ndọ̀nù, òmíràn sì wà ní Birmingham láti 1813. Ìbọn tó bá yege ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lára, bó bá sì jẹ́ ẹ̀tù dúdú nìkan ló lè gbà, wọ́n á kọ ọ́ sí i. Àwọn tó ń fi ìbọn ogun àtijọ́ ṣe eré ìdárayá níbẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà máa ń ki ọta wọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀tù wà lára agolo rẹ̀, òṣùwọ̀n wà lórí tábìlì, ìwé tí ilé iṣẹ́ ẹ̀tù náà fọwọ́ sí wà níwájú wọn. Tiwa, inú ọ̀rá dúdú ló wà. Kò lórúkọ, kò lọ́jọ́ orí, kò lẹ́ni tó lè dúró tì í.

Bàbá ní kí a má gbé e padà sílé, kí a sì má dà á sí ibikíbi tí ọmọdé lè dé. Lọ́jọ́ kejì, Olúọdẹ bá wa gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wá díẹ̀, torí Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn ológun, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé máa ṣe ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó nǹkan wá, tí àgbà ìlú sì bá a dé ibẹ̀, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n gbà á, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run ló dá mi sí nìyí. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìròyìn fi dé láti abúlé kan lọ́nà Àpòmù. Ọdẹ kan níbẹ̀ ti gba nínú ẹ̀tù kan náà, láti ọwọ́ ẹni kan náà. Òun kò ní ẹni tó fi hàn. Ó kì í sí ìbọn rẹ̀ lóru, ó rí ọ̀yà létí oko, ó fa apátí. Ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn ní Ilé-Ifẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́ síta. Ìka méjì ló lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ tó fi di ọ̀pá ìbọn mú. Irin kan fò kọjá létí rẹ̀ lọ wọ inú igi. Mo rí ìbọn náà nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé Olúọdẹ wọn. Láti ìdí, níbi tí ẹ̀tù máa ń jókòó sí, ọ̀pá rẹ̀ ya sí mẹ́ta, etí rẹ̀ ká padà sẹ́yìn, ibi tí irin ti ya sì ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn gé e. Apá iwájú kò tilẹ̀ tẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì ti ara mi gbá ọ̀pá náà mú, bí mo ṣe máa ń di ìbọn mi mú gan-an. Ibi tó ya ni àtẹ́lẹwọ́ mi bọ́ sí.

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Àwọn kan ti ń sọ kiri pé ayé ló ṣe arákùnrin náà, pé àna rẹ̀ kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Mo kọ̀ ọ́ gidigidi, mo sì fẹ́ kọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rí yìí pẹ̀lú. Ẹ̀tù ni. Bí a bá gbé ẹjọ́ ẹ̀tù lé àna lórí, ẹni tó ń tà á á máa tà á lọ, ọdẹ mìíràn á sì tún fi ọwọ́ rẹ̀ san án. Ọlọ́run tí mò ń sìn kò fi ààrá tàbí ìran òru gbà mí. Ó fi àgbàlagbà kan tó mọ ohun tó yẹ kí ó kun àtẹ́lẹwọ́ gbà mí. Ìyanu ni mo ka ìyẹn sí, n kò sì wá òmíràn.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ wa, gbogbo ọdẹ àdúgbò bá mi jó dé iwájú pẹpẹ, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn náà wá, wọ́n dúró dè mí títí a fi parí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ọrẹ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn ìyàwó ilé se ìrẹsì, ará Ìkirè kan sì gbé dòdò Ìkirè wá lódindi agbọ̀n. A ya owó kan sọ́tọ̀ nínú ohun tí a rí fún arákùnrin wa ti ọ̀nà Àpòmù, nítorí ìgbà kíkórè kòkó ti dé, ọwọ́ kan kò sì rọrùn láti fi fọ́ kòkó.

Mo ra aṣọ fún Bàbá. Wọ́n gbà á, wọ́n súre fún mi, wọ́n ní ó ku nǹkan kan tí àwọn fẹ́: kí n kó gbogbo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ wa wá bá àwọn kí àwọn fi ẹ̀tù lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n rà á mọ́ àtẹ́lẹwọ́, títí tí wọ́n á fi lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Mo ti kó wọn lọ. Ẹgbẹ́ ọdẹ wa sì ti fẹnu kò pé ẹ̀tùkẹ́tù tí a kò bá mọ ẹni tó ṣe é, inú ìbọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ni yóò wọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀mí Bàbá, fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó gba ọwọ́ arákùnrin wa là, fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu, àti fún bàbá àgbà mi tó ti Bọ́mà padà wálé láàyè, tó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun tó mọ̀.